Káàdì Nọ́ńbà Keje

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin o. Ẹ má sọ pé "èmi kì í ṣe òmùgọ̀" kí ẹ wá pa á tì. Ikúmápàyí náà kì í ṣe òmùgọ̀, ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

1.

Ṣómólú ni Ikúmápàyí ti ń tẹ̀wé, nítòsí Fọlá Agoro. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ní, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Ẹ̀rọ yẹn ló ń bọ́ òun, Wosilat ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ mẹ́ta.

Ní ọdún kejì tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, nígbà tí gbogbo ènìyàn gbà pé ayé máa dẹrùn, ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú kóòtù funfun. Gbádégẹṣin lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n "Dókítà" ló ní kí wọ́n máa pe òun. Dókítà kí ni? Ẹ má bi mí. Ó ní òun ń kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń di olówó. Àpérò kan ń bọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Ìkòyí, àádọ́ta ìjókòó péré, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ kọ nọ́ńbà sára káàdì láti ookan dé àádọ́ta," ló wí. "Tó bá pé, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ookan. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀méjìlá."

Nígbà tó lọ tán, Wosilat tó ń to ìwé nídìí ẹ̀rọ gbójú sókè.

"Bàbá Toheeb, àádọ́ta lọ́nà méjìlá, ẹgbẹ̀ta nìyẹn! Ṣé wọ́n fẹ́ jókòó lé ara wọn lẹ́sẹ̀ ni?"

"Àṣírí oníbàárà ni. Atẹ̀wé kì í ka ohun tó ń tẹ̀."

2.

Lọ́jọ́ tí Gbádégẹṣin wá kó káàdì, ó tẹjú mọ́ Ikúmápàyí.

"Ọ̀gá, irú yín kọ́ ló yẹ kó máa fọwọ́ kun íǹkì. Ìjókòó kan ṣoṣo ló kù, mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́."

"Mi ò lówó, Dókítà."

Gbádégẹṣin wo ẹ̀rọ. "Ẹni tí kò lè fi ohun tó fẹ́ràn sílẹ̀ kò tíì ṣetán."

Ohùn tútù ní í yọ obì lápò. Ọkùnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ẹgbẹ̀ta káàdì gbà pé ọ̀kan ló kù! Ọkàn rẹ̀ ń sọ pé irọ́ ni, ó ní kó dákẹ́. Ó lọ bá Adéjìmí, atẹ̀wé kan ní Onípanu, ó ní kó wá ra ẹ̀rọ òun.

Wosilat kúnlẹ̀, ó fi oríkì pe ọkọ rẹ̀. "Àkànbí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀rọ yìí lọwọ́ tá a fi ń jẹun."

"Ìgbàgbọ́ rẹ ló kéré."

"Ìgbàgbọ́ kọ́ o, ìṣirò ni."

Ó tà á.

3.

Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì náà kún débi pé àwọn kan ń fara ti ògiri. Nọ́ńbà keje ló wà lára káàdì tí Gbádégẹṣin tà fún Ikúmápàyí; ó rí àga keje, ó jókòó. Kò pẹ́ tí Tabitha, aránṣọ kan láti Bàrígà, fi dé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àga mi nìyí. Nọ́ńbà keje."

Wọ́n ṣì ń wo káàdì ara wọn nígbà tí bàbá kan tún mú nọ́ńbà keje wá. Ikúmápàyí mọ̀ pé mẹ́sàn-án ṣì ń bọ̀.

"Ta ni onírìkíṣí tó tẹ irú nǹkan báyìí?" ni Tabitha figbe ta.

Ikúmápàyí ki ọwọ́ tí íǹkì ti wọ̀ léèékánná bọ àpò. Ojú tì í. Dókítà ní kí gbogbo wọn pariwo "Olówó ni mí!", ó bá wọn pariwo. Wọ́n ní kó wá bá Dókítà ya fọ́tò kó sì rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín. Míńírà kan àti míìtì páì kan ló fi ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ.

4.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó ti di òṣìṣẹ́ ojúmọ́ lọ́dọ̀ Adéjìmí, nídìí ẹ̀rọ tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ kan dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìwé ìpolówó àpérò tuntun. Ó wò ó, ó rí ojú ara rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Atẹ̀wé Ṣómólú! Ẹ̀rọ kan ló ní nígbà tó wá, ó ti ní mẹ́wàá báyìí!"

"Ọ̀gá, èmi rèé!"

"Mo rí i," ni Adéjìmí wí. "Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń sọ pé atẹ̀wé kì í ka ohun tó ń tẹ̀? Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni wọ́n fẹ́."

Oúnjẹ ọjọ́ yẹn kò sí nílé. Ikúmápàyí tan ẹ̀rọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìgbà ni ojú ara rẹ̀ jáde wá rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹni tó bá ní ìjókòó kan ló kù, ẹ bi í pé mélòó ló tẹ̀. Ẹni tó ní kí ẹ ta ohun tó ń bọ́ yín kí ẹ tó lówó, ẹ sá fún un. Tí ìyàwó yín bá sì ṣírò, ẹ gbọ́. Ẹ kà á fún aládùúgbò yín, nítorí ìwé ìpolówó yẹn ti dé ìgboro. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.