Ìbídùn àti Apẹ̀rẹ̀ Tí Kò Ṣeé Dá Gbé Rù

Ní Abà Fátúròtì, létí igbó ìjọba, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìbídùn. Ẹ̀kọ ló ń ṣe, ẹ̀kọ rẹ̀ sì dùn. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ànìkànjọpọ́n ni. Bó bá rí ibi tí ewé eéran tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ gbé pọ̀, á panu mọ́ bí ẹni tó fomi sẹ́nu.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rò pé ẹni tó bá wù ló ń wọ igbó yẹn o. Ọjọ́ kan péré lóṣù ni wọ́n ń ṣí géètì fún ará abà, ẹ ó sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ọláníhùn aṣọ́gbó kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan wọlé. Ohun tí ìwé náà wí kò pọ̀: ẹni méjì méjì ni kó máa wọlé, apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n gbé, kí àwọn méjèèjì sì jọ jáde kí aago mẹ́rin tó lù. Ẹni tó bá pẹ́, ẹrù rẹ̀ di ti ìjọba.

Lóṣù tí mò ń wí yìí, ọmọ Ìbídùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìsọmọlórúkọ ku ọ̀túnla, Ìbídùn sì ti fọ́nnu fún àwọn àna rẹ̀ pé òun nìkan lòun máa gbé igba ẹ̀kọ wá, kí ẹnikẹ́ni má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ògì ti wà nílẹ̀, ewé ló kù. Ẹ̀kọ tí kò bá ní ewé, ògì lásán ni, ta ló sì ń fi ṣíbí bu ògì fún àna?

Ó mú Bọ́látitó, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, dání nítorí ìwé. Ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ kan tó ní kí wọ́n hun fún òun. Ewúrẹ́ mẹ́ta lè sùn nínú rẹ̀ kí wọ́n má fara kanra.

Ọláníhùn yí apẹ̀rẹ̀ náà po. "Ìyá, ṣé ẹ ń kó kúrò nílé ni?"

"Ìwé yín ní apẹ̀rẹ̀ kan. Mélòó lẹ kà?"

"Ọ̀kan ni, Ìyá."

"Kí ló wá dé? Ẹ ṣí géètì jàre."

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Ìbídùn fi dúró. "Bọ́látitó, gba apá ọ̀tún. Èmi á kàn máa ṣà díẹ̀díẹ̀ níhìn-ín, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Ìyálé mi, wọ́n ní ká jọ wà pọ̀ o."

"Ṣé okùn ni wọ́n fi so wá pọ̀ ni? Lọ!"

Bí Bọ́látitó ti yíjú báyìí, ẹsẹ̀ tó ń dun Ìbídùn sàn. Eré ló sá gba apá òsì, ó di etí odò kan tí òun nìkan mọ̀. Ewé ibẹ̀ fẹ̀ bí etí erin. Ó já, ó tò, ó gun orí rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tún já. Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ kún dẹ́nu, ó ká òṣùká sórí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e.

Apẹ̀rẹ̀ kò mì.

Ta ni yóò gbé e rù ú? Ìbídùn ò ronú kan ìyẹn. Ó kúnlẹ̀, ó ki orí bọ abẹ́ rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ tì í ṣubú sẹ́yìn. Ó yí i gun orí igi kan tó ti wó, kó lè ga díẹ̀. Igi ti rà, ó fọ́, ni ìjàlọ bá tú jáde. Ìbídùn jó! Ó jó ijó tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ lórúkọ. Ọ̀bọ kan jókòó lórí ẹ̀ka, ó ń wò ó.

"Kí lò ń wò?" Ìbídùn pariwo mọ́ ọn. "Sọ̀ kalẹ̀ wá gbé e rù mí!"

Ọ̀bọ họ ìhà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni Ọláníhùn lu irin ní géètì: aago mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Bí Ìbídùn bá pe Bọ́látitó, àṣírí odò tú. Bí kò bá pè é, ẹ̀kọ àna di àlá. Ó wo ewé, ó wo ọ̀nà, ó gbóhùn sókè: "Bọ́látitó o! Ìyàwó mi àtàtà!"

"Ìyálé mi, mò ń bọ̀!" Ohùn náà kò jìnnà. Bọ́látitó ti gbé apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ dé géètì tipẹ́, wọn kò jẹ́ kó dá jáde, ló bá gbé e kalẹ̀ síbẹ̀, ó padà wá a kiri. Ó dé, ó wo odò, ó wo ewé, ó wo ìyálé rẹ̀ tó ń họ ara.

"Èyí tí ẹ̀ ń ṣà díẹ̀díẹ̀ rèé?"

"Gbé e rù mí ná, kó o tó bú mi."

Àwọn méjèèjì gbé e títí, apẹ̀rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Kò sí ọgbọ́n mìíràn. Ìbídùn fọwọ́ ara rẹ̀ da ewé sílẹ̀, ó dà á títí ó fi ku ìdajì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà náà ni Bọ́látitó tó rí i gbé rù ú. Wọ́n sáré. Bí wọ́n ti ń jáde ni irin ìkẹyìn ń dún.

Ọláníhùn rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ ti wá mọ ìdí tá a fi kọ ẹni méjì sínú ìwé? Obìnrin kan sùn mọ́jú nínú igbó yìí lọ́dún tó kọjá. Kì í ṣe ẹkùn ló dá a dúró o. Ẹrù rẹ̀ ni."

Ewé Ìbídùn kò tó igba ẹ̀kọ. Ti Bọ́látitó ni wọ́n kó lé e kó tó pé. Nígbà tí àwọn àna ń yìn ín pé òun nìkan ló ṣe gbogbo rẹ̀, ó wolẹ̀. "Rárá o," ó ní. "Èmi àti ìyàwó wa ni." Lóṣù tó tẹ̀ lé e, gbogbo abà ló wà létí odò yẹn. Apẹ̀rẹ̀ ńlá ńkọ́? Adìyẹ ló ń yé sínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé, ẹ̀yin ọmọ: bí wọ́n bá ṣòfin tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀, ẹ bèèrè kí ẹ tó wá ọgbọ́n yí i po. Ẹ má sì ṣe ànìkànjọpọ́n. Kí ẹ tó di ẹrù yín, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ yín, bóyá ẹni tó máa gbé e rù yín ṣì wà níbẹ̀.