Ẹni Tó Ń Béèrè Ojúọlá

Lọ́dún 1988, kọ̀ǹpútà kan wà ní ẹ̀ka Ìjẹ̀bú-Òde ilé iṣẹ́ adójútòfò kan, Ojúọlá Ṣàngóbíyì ló sì ń ṣọ́ ọ. Bí ẹ̀ka Ṣàgámù tàbí ti Ìjẹ̀bú-Igbó bá ní ìbéèrè fún Èkó, ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà yìí ló máa ń gbà kọjá. Tí Èkó bá ti dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ náà á tọ́jú ẹ̀dà ìdáhùn náà sínú. Ẹni tó bá tún béèrè ohun kan náà, ibẹ̀ ni yóò ti bù ú fún un, kò ní í yọ Èkó lẹ́nu mọ́. Wáyà ìgbà náà kò ṣeé gbọ́kàn lé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rà á.

Ojúọlá a máa wo ojú ẹ̀rọ: orúkọ ta ni wọ́n béèrè, ẹ̀ka wo ló béèrè, ṣé inú ẹ̀rọ ni ìdáhùn ti wá àbí Èkó. Òun ló ń pa èyí tó ti gbó rẹ́, òun ló sì ń tún èyí tó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà kọ. Jẹ́jẹ́ ló ń ṣe é. Kì í bá wọn jókòó tàkúrọ̀sọ. Tíṣẹ́ bá ti parí, ilé ìwé ló ń gbà lọ láti mú Bísí, ọmọ ọdún mẹ́fà. Bísí pupa bí ọsàn tó pọ́n, Ojúọlá dúdú bí kóró iṣin. Àwọn ará ibi iṣẹ́ a máa ní bàbá lọmọ náà jọ. Ojúọlá a rẹ́rìn-ín músẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó rí orúkọ ara rẹ̀ lójú ẹ̀rọ.

Ṣàgámù ló béèrè ibi tó ń gbé. Èkó ti dáhùn. Àdírẹ́sì rẹ̀ ní Pórógún hàn gedegbe níbẹ̀, títí kan orúkọ onílé. Ṣùgbọ́n wáyà tó so ẹ̀rọ náà mọ́ Ṣàgámù, tó yàtọ̀ sí ti tẹlifóònù, ti já kí ìdáhùn náà tó dé ọ̀hún. Inú ẹ̀rọ ló wà, ó ń retí kí wọ́n tún béèrè.

Àyà Ojúọlá já. Ó dìde, ó bọ́ sí yàrá ọ̀gá, ó tọrọ tẹlifóònù. Bọ́dúnrìn, akọ̀wé ẹ̀ka Ṣàgámù, ló gbé e.

"Bọ́dúnrìn, ta ló ní kó o béèrè mi?"

"Háà, Àǹtí Ojúọlá! Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan ni. Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti ń wá yín."

"Ó dárúkọ?"

"Rárá o. Ó ní tẹ́ ẹ bá gbọ́ orúkọ òun, ẹ óò sá. Mo ní kó wá bá yín níbi iṣẹ́, ó ní rárá, ilé gan-an lòun fẹ́ dé. Ó béèrè bóyá ọmọ wà lọ́dọ̀ yín."

"Kí lo wí?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń bẹ níwájú mi báyìí. Ṣé kí n gbé fóònù fún un?"

Ojúọlá sọ fóònù náà kalẹ̀ bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́.

Ó padà sídìí ẹ̀rọ. Ó pe ìdáhùn náà jáde, ó pa Pórógún rẹ́, ó kọ Ayépé síbẹ̀, ibi tí kò gbé rí. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀dà kan bá ti wà nílẹ̀, ẹ̀rọ náà kò ní í bi Èkó mọ́.

Bó ṣe yọwọ́ ni wáyà Ṣàgámù padà bọ̀ sípò. Ìbéèrè náà wọlé. Ojúọlá di etí tábìlì mú. Lójú gíláàsì, ẹ̀rọ náà kọ ọ́ pé inú òun lòun ti bù ú. Ayépé ti lọ.

Nígbà tó gbójú sókè, Ọ̀gá Adélékè dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà.

"Ojúọlá, ò ń gbọ̀n. Ta lò ń sá fún? Ṣé bàbá ọmọ yẹn ni?"

Ojúọlá tẹrí ba. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo ti fura tipẹ́," ni ọ̀gá wí. "Èèyàn ò kàn ń dá gbé báyẹn lásán." Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. "Ó yá, jẹ́ ká lọ mú ọmọ náà nílé ìwé."

Wọn ò dé Pórógún rárá. Ewùrà tí Ojúọlá ti bó sílẹ̀ fún ìkọ́kọrẹ́ wà níbi ìdáná, kò rò ó mọ́. Nílé ìwé, bí mọ́tò kan bá fọn fèrè lójú títì, á bojú wẹ̀yìn. Ó fa Bísí wọ ẹ̀yìn mọ́tò, ó fi ìborùn bo orí rẹ̀.

"Màámi, ṣé a tún ń kó lọ ni?"

"Rọra sọ̀rọ̀."

"Ta là ń sá fún?"

"Ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ lọ́wọ́ mi."

Ọ̀gá Adélékè gbọ́ ọ níwájú, ó wúkọ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó wa mọ́tò náà tààrà dé gáréèjì. Òun fúnra rẹ̀ ló bá wọn wá àyè nínú mọ́tò Ìbàdàn, ó sì dúró títí dẹ́rẹ́bà fi ṣáná.

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rí yín láé," ó ní.

"Àmín, sà," ni Ojúọlá dáhùn, ó sì gbá ọmọ náà mọ́ra.

Ní Ṣàgámù, Bọ́dúnrìn da àdírẹ́sì Ayépé kọ sórí bébà, ó nà án sí Ràmọ́tà, obìnrin pupa kan tó kúnlẹ̀ gbà á pẹ̀lú ẹkún ayọ̀, nítorí ó ti di ọdún mẹ́fà tó gbé ọmọ tuntun rẹ̀ fún Ojúọlá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì nílé ìgbẹ̀bí, ẹni tí ọmọ tirẹ̀ kò yè, pé kó bá òun gbé e dání, kóun sáré lọ wẹ̀.