Wáyà Bí Irun Dídì

Bí a bá ń pe gbogbo ohun tó ní táyà mẹ́rin ní mọ́tò, a jẹ́ pé mọ́tò ni Enjiníà ń kàn lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan wá láti ara fíríìjì àlòkù. Ìjókòó ẹ̀yìn jẹ́ àga pálọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ṣì ń wá káàkiri. Ṣùgbọ́n wáyà inú rẹ̀ kò ṣeé fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n tò lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù bí irun dídì, oníkálukú lójú ọ̀nà tirẹ̀, tòun ti kókó òwú lára: kókó kan fún iná iwájú, méjì fún hóònù, mẹ́ta fún bíréèkì.

"Ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa ni," ni rìwáyà tó ń tún wáyà mọ́tò ṣe ládùúgbò wí.

"Iṣẹ́ wo? Ẹ̀yin tí ẹ ń to wáyà bí ìfun ewúrẹ́."

Ìyàwó Enjiníà, aránṣọ ni, òun ló ń fún un ní òwú. Ó tún máa ń dúró tì í láti pe àwọ̀ wáyà fún un, torí abẹ́ dáṣíbọọ̀dù ṣókùnkùn.

"Èyí ńkọ́?"

"Pupa ni."

"Pupa bí ẹ̀jẹ̀ àbí pupa bí ìyeyè?"

"Bí ẹ̀jẹ̀."

Enjiníà gba wáyà náà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. "O ti yára fa ọwọ́ rẹ sẹ́yìn. Iná ló ń bà ẹ́ lẹ́rù."

Lọ́la ni ọmọbìnrin wọn ń gbé ọmọ tuntun bọ̀, Enjiníà sì ti búra pé òun ni yóò fi mọ́tò náà gbé ọmọ-ọmọ òun ṣeré dé orí afárá odò tó wà lẹ́bàá ìlú. Láti ìgbà tí ó ti sọ ọ́ ni ìyàwó rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́.

"Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí rìwáyà wà á."

"Ṣé mo ti kú ni? Ọ̀nà yẹn, mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó so bátìrì mọ́ ọn, ó tẹ suwíìṣì, ó fọwọ́ tọ ara mọ́tò lọ síwájú, ó sì lóṣòó, ó kọjú sí mọ́tò. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣan aṣọ nítòsí.

"Ìyá ọmọ mi, ṣé iná ti dé?"

Obìnrin náà wò ó. Lójijì ló figbe ta pé iná, iná, ó gbé garawa omi, ó sì dà á sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Wáyà dún ṣààà, èéfín yọ, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́.

Àwọn aládùúgbò sáré dé.

"Iná mọ́tò ni mo béèrè," ni Enjiníà ń wí. "Ṣé mo ní ilé ń jó ni?"

"Iná ni mo gbọ́."

Rìwáyà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. "Ẹ má bínú sí wọn, Enjiníà. Èyí tó ń jó, èyí tó ń tàn, iná náà ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́." Ó yọjú wo abẹ́ dáṣíbọọ̀dù, ó mi orí. "Ẹ ó tú gbogbo rẹ̀ ni o. Eléyìí kò lọ síbì kankan lọ́la."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àdúgbò ti sọ obìnrin náà ní Panápaná, ó sì ń jẹ́ wọn.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé nígbà tí ọkọ òun béèrè bóyá iná ti dé, iná iwájú mọ́tò méjèèjì ń tàn yòò sí i lójú, ọkùnrin náà kò sì ṣẹ́jú.