Fèrè Tí Kò Bá Ẹgbẹ́ Mu

Eunan to fèrè páànù sórí káńtà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nílùú Ennis, ó sì ti èyí tí gbogbo ayé ń rà síwájú. Fèrè olóhùn D ni. Gobnait fi ìka tì í padà.

"B ni mo wá rà, Bàbá Eunan."

"B kẹ̀?" Bàbá arúgbó náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ìyàwó Fintan, kí ló ṣe ọ́? D ni gbogbo ilé ọtí ń fọn. Tó o bá gbé B wọ àárín wọn, wàá kàn máa ké bí ewúrẹ́ láàárín àgùntàn ni. Onígòjé tó bá fẹ́ bá ẹ ṣeré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú gbogbo okùn ẹ̀ sílẹ̀ kó tó lè bá ohùn ẹ mu. Ta ló ráyè ìyẹn?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ẹnì kan ṣoṣo tó lè bá ẹ fọn nǹkan yìí lágbègbè yín ni Dympna àbúrò ẹ, òun pẹ̀lú fèrè alápò ẹ̀ yẹn."

"Torí ẹ̀ náà ni mo ṣe wá."

Ojú bàbá náà rọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìyá méjì yìí. Gobnait ló tọ́ Dympna nígbà tí ìyá wọn kú. Òun ló ń di irun fún un, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka dí ojú fèrè. Ṣùgbọ́n fèrè alápò tí bàbá àgbà wọn fi sílẹ̀ fún Dympna, B ni, fèrè Gobnait sì jẹ́ D, nítorí náà wọn kò fọn orin kan pọ̀ rí. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, Dympna yóò fẹ́ ọmọ Mossie onílé ọtí, yóò sì kó lọ sí ìlú Galway.

"Mo fẹ́ fọn orin kan lọ́jọ́ ìbí Fintan," ni Gobnait wí. "Bí Dympna bá bá mi fọn ọ́n, ó parí. Bó bá gbé fèrè ẹ̀ lé itan, tó kàn ń wò mí, màá máa bá tèmi lọ."

"Á bá ẹ fọn ọ́n. Ọmọ ẹ ni."

Gobnait dán àwọn fèrè B wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú èyí tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ jù, ó fi gèlè wé e, ó sì lọ sílé.

Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń kó koríko màlúù sí ló ti kọ́ orin náà. Fintan ló máa ń kùn ún nídìí màlúù, nígbà tí ẹ̀rọ ìfúnwàrà bá ń pariwo. Gobnait á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á gbọ́ díẹ̀, á lọ wá a lórí fèrè. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní gbogbo Ọjọ́rú, Fintan máa ń gbé gòjé rẹ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìlú kejì. Bó bá dé, Gobnait á nu ìyẹ̀fun funfun tí ọrun dà sára gòjé náà nù, bó ti ń ṣe láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Gbogbo okùn gòjé náà á ti dẹ̀.

"Ọ̀rinrin ni," ni Fintan máa ń wí. "Òjò ìlú yìí á ba gòjé mi jẹ́ dandan."

Gobnait á lọ àwọn okùn náà padà sókè, á gbé gòjé kọ́ ògiri, á sì bu ọ̀dùnkún fún un.

Ọjọ́ ìbí náà bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi. Lẹ́yìn Máàsì, ilé ọtí Mossie kún. Fintan jókòó láàárín àwọn olórin, inú rẹ̀ ń dùn.

"Mo ní orin tuntun kan nílẹ̀ tí mo fúnra mi kọ," ó ní. "Ẹ mutí yó ná kí n tó fi gòjé kọ ọ́. Mo fi Màríà Mímọ́ búra, etí ẹ̀dá alààyè kan ò tíì gbọ́ ọ. Gobnait tá a jọ ń sùn gan-an ò mọ̀ ọ́n."

"Irọ́ ni!" Mossie pariwo láti ìdí káńtà. "Ìwọ tẹ́nu ẹ kì í dákẹ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Dympna ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré wọlé, òjò ti pa á.

"Ẹ má bínú, Àǹtí mi, mọ́tò ló yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n Fintan, ẹ kú ọjọ́ ìbí o."

Fintan dá a lóhùn, ó dìde lọ gba ọtí. Gobnait sún fún àbúrò rẹ̀, ó sì bá a de ìgbànú fèrè alápò mọ́ ìbàdí.

Nílé Mossie, wọn kì í lé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ orin á gbé ohun èlò rẹ̀ lé itan, á tẹ́tí. Ẹni tó bá kàn já wọ inú orin tí kò gbọ́ rí, ìtìjú ni yóò bá a délé.

Gobnait tú gèlè ara fèrè.

"Àǹtí, B kẹ̀? Ẹ̀yin?" Dympna rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Torí tìẹ ni. Bó o bá mọ̀ ọ́n, bá mi fọn ọ́n."

Ó bẹ̀rẹ̀. Orin arò ni, kì í yára. Àwọn olórin yòókù gbé gòjé lé itan. Fintan tó ń gbé gíláàsì ọtí dúdú bọ̀ dúró láàárín ilé. Ojú Gobnait kò kúrò lára ọwọ́ àbúrò rẹ̀. Nígbà tí orin náà yí padà sí ìbẹ̀rẹ̀, Dympna fi ìgùnpá tẹ àpò, ó di ojú méjèèjì, ó sì wọlé. Kò ṣi ohùn kan. Ó mọ ibi tí orin ti ń gòkè, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń dúró mí. Fèrè méjèèjì so pọ̀ bí ohùn ẹnì kan. Àwọn ìyá àgbà ń nu omijé, Mossie sì fi aṣọ ìnugíláàsì nu ojú tirẹ̀.

Nígbà tí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, Gobnait yíjú sí Mossie, ó ní: "Bàbá ọkọ, ẹ bá mi kí Dympna ìyàwó ọmọ yín o, torí orin tí Fintan búra pé etí ẹ̀dá alààyè kan ò tíì gbọ́ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún yẹn, ó sì mọ̀ ọ́n dé òpin."