Ìbò Kan Ló Kù

Láti ọgbọ̀n ọdún, bàtà búráùn kan ṣoṣo ni Bàbá Oníbàtà rán, ìkọ̀kọ̀ ló sì ti rán an.

Dúdú ni gbogbo ìyókù. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ohunkóhun tí èèyàn bá fi ń ṣe ọjà, ti ìjọba ni, látorí ẹ̀rọ títí dórí abẹ́rẹ́. Bàbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù tó ti ń rán bàtà nígbà tó ṣì lágbára, òun náà ló wá di òṣìṣẹ́ nínú rẹ̀. Ìjọba á gbé awọ dúdú wá, Bàbá á fi rán bàtà dúdú, wọ́n á kó o lọ. Ẹni tí bàtà bá há mọ́ lẹ́sẹ̀, kó ní sùúrù. Ẹni tó bá tóbi fún, kó ki àkísà bọ̀ ọ́. Bàbá ti fi ìyẹn ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ó fi sú u.

Nígbà tí wọ́n yan Lọ́yà, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, sínú ìgbìmọ̀ tó ń kọ ìwé òfin tuntun, ló rán búráùn yẹn fún un. Ara àpò ìrìn-àjò àtijọ́ ló ti gé awọ. Abẹ́ ahọ́n bàtà náà, níbi tójú ò tó, ló fi òwú pupa rán, èyí tó kù nínú agolo ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ olóògbé. Òwú náà tán síbẹ̀.

“Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ yín bá máa dìbò, òun ni kó o wọ̀,” ni Bàbá wí. “Kó o yà, kí n rí i lẹ́sẹ̀ rẹ.”

“Mo máa yà, Bàbá. Abala yẹn á wọlé, ṣọ́ọ̀bù yín á padà di tiyín.”

Abala náà nínú ìwé òfin tuntun ò gùn: ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀ ló ni ín, òun ni yóò sì dá iye lé ọjà rẹ̀. Bí kò bá wọlé, ìjọba á kó ẹ̀rọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù kéékèèké lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn wọn pa.

Lọ́jọ́ ìdìbò, ọlọ́pàá dí gbogbo títì, ọkọ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ rìn. Bàbá ń gbálẹ̀ de ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí apá òsì rẹ̀ ṣàdédé kú. Ó ṣubú, kò sì mọ nǹkan kan mọ́.

Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló lajú sí. Nọ́ọ̀sì ní ọkùnrin kan ló pọ̀n ọ́n sáré la ìlú kọjá, tí bàtà ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan, tí ẹsẹ̀ náà sì ń ṣẹ̀jẹ̀.

“Ó di ọwọ́ yín mú títí dókítà fi ní ewu ti kúrò. Ìrọ̀lẹ́ ló tó lọ.”

“Kí lorúkọ rẹ̀?”

“Mi ò bi í, Bàbá. Ẹ̀mí yín là ń lé.”

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kọ láyé.”

Ọmọbìnrin Bàbá, tó jókòó níkángun bẹ́ẹ̀dì, ṣe àmín. Ó sì yíjú sí fèrèsé.

Lọ́jọ́ kejì, rédíò aláìsàn kan sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Abala náà ti ṣubú. Ìbò kan ló kù kó wọlé. Wọ́n pe ọmọ ìgbìmọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹta, àga rẹ̀ ṣófo. Wọ́n wá dárúkọ ẹni náà, orúkọ tí Bàbá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọmọ lọ́jọ́ ìkómọ ni.

“Wọ́n ti rà á,” ni aláìsàn tó ni rédíò náà wí. Kò mọ ọmọ ẹni tó ń sọ. “Wọ́n á ti gbé mọ́tò fún un.”

Omijé Bàbá ṣàn wọ etí rẹ̀, kò nù ún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Lọ́yà dé. Bàbá kì í kọ́kọ́ wo ojú èèyàn. Ẹsẹ̀ ló máa ń wò. Sálúbàtà rọ́bà ló rí.

“Bàtà mi dà?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ó sọnù.”

“Iṣẹ́ tá a rán ọ ńkọ́, ṣé òun náà sọnù ni? Níbo lo wà nígbà tí wọ́n ń pè ọ́?”

Lọ́yà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ní kí ohunkóhun má dà yín láàmú.”

“Mo ní nǹkan kan tí mo gbọ́dọ̀ ṣe ni, Bàbá,” ni Lọ́yà wí.

“Kí ló ju èyí lọ?”

Lọ́yà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sẹ́yìn.

“Ẹni tí mi ò mọ̀ rí ló pọ̀n mí la ìlú já. Òun lọmọ mi. Ìwọ, má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Bí mo bá kú, má wá síbi òkú mi.”

Lọ́yà dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó pẹ́ níbẹ̀. Bàbá ti kọjú sí ògiri. Ó kàn gbọ́ sálúbàtà náà bó ṣe ń lọ ni, tí ọ̀kan ń wọ́lẹ̀ ju ìkejì lọ.

Oṣù yẹn ò tíì tán tí Lọ́yà fi kú. Egbò kan tí kò tètè tọ́jú ló bà á lára jẹ́.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sin ín,” ni ọmọbìnrin rẹ̀ wí.

“Mi ò lọ.”

Ọmọbìnrin náà rántí ohun tí dókítà wí, ó sì dá lọ.

Apá Bàbá ti ń gbé díẹ̀díẹ̀, ó sì ti padà sílé. Lọ́jọ́ tí ìjọba wá kó àwọn ẹ̀rọ, obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ nílé ìwòsàn yà sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú nǹkan tó fi ìwé ìròyìn wé lọ́wọ́.

“Bàbá, wọ́n ní oníbàtà ni yín. Ẹni tó pọ̀n yín lọ́jọ́sí fi èyí sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ kejì ti bọ́ sọnù lọ́nà. Ó dáa ju kéèyàn sọ ọ́ nù lọ. Bóyá ẹ lè rán ìkejì rẹ̀ fún ẹni náà, tó bá padà wá.”

Bàbá tújú ká fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí. Ó bẹ àwọn tó ń kó ẹ̀rọ pé kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ fún òun díẹ̀, kóun fi san oore, wọ́n sì gbà fún un. Ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ó jókòó.

Ó tú ìwé ìròyìn náà, ó rí awọ búráùn, ó sì fi àtàǹpàkò gbé ahọ́n bàtà náà sókè, níbi tí òwú pupa ìyàwó rẹ̀ wà.