Ìkíni Bàbá

Láàárọ̀ ìgbéyàwó mi, odindi ìṣẹ́jú márùn-ún ni Bàbá fi ń sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí a sin ín. Inú kọ̀ǹpútà ni iyè rẹ̀ ń gbé báyìí, bíi ti bàbá ọ̀pọ̀ ará àdúgbò wa. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà ti gbó, kò sì ní pẹ́ kú. Àwọn àna mi ti jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń retí kó wúre fún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi Fadérera gbé agbára iná tó ń wọ ọpọlọ náà kọjá ohun tí òfin gbà, kí ọ̀rọ̀ Bàbá lè yá.

“Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló máa lò kó tó jó,” ló sọ sí mi létí.

Fáànù kọ̀ǹpútà náà ń han. Ohùn Bàbá jáde, ó já gaara.

“Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àna wa. Ẹ kú ìrìn. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?”

Ta ló máa sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó má kí àlejò? Wọ́n ń dáhùn, ó ń béèrè. Òórùn ike tó ń jó gba gbogbo pálọ̀.

“Ṣé wọ́n ti fún yín lóúnjẹ?”

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àdúrà.”

“Ó yá, ọmọ mi,” ni Bàbá wí. Èéfín yọ, fáànù dúró.

Ìyá ọkọ mi gbé ọwọ́ lé àpótí kọ̀ǹpútà gbígbóná náà, ó ní, “Àmín.”