Kò Sẹ́ni Tó Fẹ́ Mú Èédú

Ọdún mẹ́ta rèé tí Èédú ti wà nínú kéèjì níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn ajá tí kò lẹ́ni. Lónìí, obìnrin kan tún wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ dúdú. Àjẹ́ ló ń lò wọ́n." Ó mú funfun tó gé mi jẹ lánàá! Irú ìranù wo nìyẹn?

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo ya Èédú ní fọ́tò tí màá fi wá ẹni tó máa mú un. Gbogbo ajá yòókù pa rọ́rọ́. Nínú fọ́tò náà, bàbá arúgbó kan jókòó tì í nínú kéèjì tí mo ti tì pa. Ìbínú ojú rẹ̀ ju tèmi lọ.

Mo gbójú sókè. Èédú nìkan ni mo rí, ṣùgbọ́n irun orí rẹ̀ ń tẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí.

Mo jágbe, "Bàbá, ẹ máa mú un lọ! Ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ ẹ."

Àgádágodo kéèjì náà já bọ́.